Ajá ní Ẹnu Ọ̀nà: Àlàyé lórí Àjọṣe Ọmọ Ènìyàn àti Ajá nínú Ẹ̀sìn Wa

 

 Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ ní ọdún yìí lè ya àwọn kan lẹ́nu, nítorí ọ̀rọ̀ ajá ni. Ohun tí ó jẹ́ kí n mú un ni pé nǹkan méjì ni mò ń rí láàárín wa, méjèèjì kò sì dára. Èkíní, àwọn kan nínú àwọn ọmọ wa gbà pé bí ènìyàn bá sọ òkò lu ajá, iṣẹ́ ẹ̀sìn ni ó ṣe. Èkejì, bí ajá bá gé ọmọ jẹ, ọmọ náà á fi pamọ́, nítorí ó ń bẹ̀rù pé wọn yóò bi òun pé kí ni ọmọ kéú ń wá lọ́dọ̀ ajá. Ti àkọ́kọ́ ń kó ẹ̀ṣẹ̀ bá wa. Ti èkejì lè gba ẹ̀mí ọmọ. Àìmọ̀ kan náà ni ó sì bí àwọn méjèèjì. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò dáadáa, kí a mọ ibi tí ẹ̀sìn fi ajá sí, kí a má fi sí òkè jù bẹ́ẹ̀, kí a má sì fi sí ìsàlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀.

BÍ AJÁ ṢE DI ARÁ ILÉ

Àwọn onímọ̀ tí ń wádìí nípa ẹranko sọ pé láti ara ìkookò ni ajá ti wá, àti pé ó ti lé ní 14,000 ọdún tí ó ti ń bá ọmọ ènìyàn gbé. Nígbà náà, ènìyàn kò tíì máa dáko. Kò sí màlúù lágbo, kò sí ewúrẹ́ lẹ́yìnkùlé, kò sí adìẹ. Ajá ni ẹranko àkọ́kọ́ tí ó fi ìgbẹ́ sílẹ̀ tí ó wá jókòó ti ọmọ ènìyàn.

Ní ọdún 1914, àwọn òṣìṣẹ́ tí ń fọ́ òkúta rí sàréè àtijọ́ kan ní Oberkassel, lẹ́bàá ìlú Bonn ní ilẹ̀ Jámánì. Ọjọ́ orí sàréè náà tó nǹkan bí 14,000 ọdún. Ọkùnrin kan àti obìnrin kan ni wọ́n sin síbẹ̀, ajá sì wà pẹ̀lú wọn. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ eyín ajá náà wò, tí wọ́n sì gbé ohun tí wọ́n rí jáde ní ọdún 2018, wọ́n ní ọmọ ajá tí ó tó nǹkan bí oṣù méje ni, àti pé àìsàn líle ti dá a gúnlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kí ó tó kú. Ajá tí ó ń ṣàìsàn báyìí kò lè lé ẹran, kò sì lè ṣọ́ ilé. Bí kò bá sí ẹni tí ń fún un ní omi àti oúnjẹ, tí ó sì ń nu ara rẹ̀, kò lè pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Èyí fi hàn pé láti ìgbà láéláé ni àánú ti wà nínú àjọṣe yìí, kì í ṣe iṣẹ́ nìkan.

Ní ọdún 2015, àwọn onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Japan tún gbé ìwádìí mìíràn jáde. Wọ́n rí i pé bí ajá àti olówó rẹ̀ bá ń wo ojú ara wọn fún ìgbà pípẹ́, ohun kan máa ń pọ̀ sí i nínú ara àwọn méjèèjì. Ohun kan náà ni ara ìyá máa ń mú jáde nígbà tí ó bá ń fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú. Wọ́n dán an wò lára ìkookò tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ dàgbà, wọn kò rí i bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí ọdẹ àti ajá rẹ̀ rí kò ní jiyàn ọ̀rọ̀ yìí. Ọdẹ kò tíì sọ̀rọ̀ tí ajá rẹ̀ ti mọ ohun tí ó ń fẹ́. Bí ó bá fun fèrè, ajá á ti inú ìgbẹ́ dé. Abájọ tí àwọn àgbà fi sọ pé ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ: èyí tí kò bá sọnù ni ó ń gbọ́.

Ní ilẹ̀ Japan yìí kan náà ni ajá kan ti wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Hachiko. Olówó rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ueno, jẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì ìlú Tokyo. Ajá náà a máa lọ pàdé rẹ̀ ní ìdíkọ̀ ojú irin Shibuya bí ó bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1925, ọ̀jọ̀gbọ́n náà kú sí ẹnu iṣẹ́, kò sì padà wálé mọ́. Ajá kò mọ ikú. Ó ń lọ sí ìdíkọ̀ náà títí di oṣù kẹta ọdún 1935 tí òun náà kú. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún mẹ́wàá. Àwọn ará ìlú náà ya ère rẹ̀ sí ibẹ̀. Àwa kì í ya ère, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kò fara sin: ẹni tí ó fún un ní oúnjẹ ni ó ń wá kiri. Àwa ńkọ́, tí Ọlọ́hun ń bọ́ láti inú oyún wá?

AJÁ NÍNÚ ÀLÙKÙRÁNÌ

Ọmọ kéú tí ó bá ti ka Súúrà Al-Kahf mọ ìtàn àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n sá fún ìbọ̀rìṣà àwọn ènìyàn wọn, tí wọ́n wọ inú ihò àpáta, tí Ọlọ́hun sì mú oorun kùn wọ́n fún 300 ọdún ó lé mẹ́sàn-án. Wọn kò dá lọ, ajá wọn bá wọn lọ. Ọlọ́hun ṣe àpèjúwe bí ajá náà ṣe na ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ méjèèjì sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ihò náà. Nígbà tí ó sì kan ọ̀rọ̀ iye àwọn ènìyàn náà, ìgbà mẹ́ta ni a dárúkọ iye, gbogbo ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni a sì ka ajá mọ́ wọn. Àwọn aláàfáà tí wọ́n túmọ̀ Àlùkùránì máa ń sọ níbẹ̀ pé bí ajá bá lè ti ara bíbá ẹni rere rìn di ẹni tí a ń dárúkọ nínú ìwé Ọlọ́hun títí ayé, kí ni a rò nípa ọmọ ènìyàn tí ó bá fẹ́ràn àwọn ẹni rere tí ó sì ń bá wọn jókòó?

Ẹ fi ọkàn sí ibi tí ajá náà wà. Kò sí nínú ihò láàárín wọn, a kò sì lé e lọ sínú ìgbẹ́. Ẹnu ọ̀nà ni ó wà. Bí ẹ bá di èyí mú, gbogbo ohun tí ó kù nínú àlàyé yìí yóò rọrùn.

Ibòmíràn wà nínú Súúrà Al-Mā'idah, níbi tí Ọlọ́hun ti ṣe ẹran tí ẹranko ọdẹ bá pa fún wa ní ẹ̀tọ́, bí a bá ti kọ́ ẹranko náà ní iṣẹ́, tí a sì dá orúkọ Ọlọ́hun. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ sarfu, ẹ wo ọ̀rọ̀ náà mukallibīn tí ó wà níbẹ̀ fún àwọn tí ń kọ́ ẹranko ní ọdẹ ṣíṣe. Ara kalb, tí í ṣe ajá, ni ó ti wá. Sàhábà Adiyy ọmọ Hātim, ẹni tí bàbá rẹ̀ lókìkí fún ọ̀làwọ́, bi Ànọ́bì wa (SAW) nípa ọ̀rọ̀ yìí. Ìdáhùn tí ó gbà ni pé bí ó bá rán ajá rẹ̀ tí a ti kọ́, tí ó sì dá orúkọ Ọlọ́hun, kí ó jẹ ohun tí ajá náà mú. Ṣùgbọ́n bí ó bá bá ajá mìíràn níbẹ̀ pẹ̀lú tirẹ̀, kí ó má jẹ ẹ́, nítorí orí ajá tirẹ̀ nìkan ni ó dá orúkọ Ọlọ́hun sí. Àwọn àáfà àgbà máa ń fi èyí ṣàlàyé iyì ìmọ̀. Ajá méjì ni, ẹyin ajá kan náà, eyín kan náà. Ohun tí ajá tí a kọ́ pa, a lè jẹ ẹ́. Ohun tí ajá tí a kò kọ́ pa, òkú ẹran ni. Bí ìmọ̀ bá lè gbé ajá ga tó báyìí, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má fi kéú yín ṣeré.

OHUN TÍ Ẹ̀SÌN DÈ WÁ LÓRÍ AJÁ

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mò ń sọ pé kí olúkúlùkù lọ ra ajá sínú yàrá. Ànọ́bì wa (SAW) sọ fún wa pé ẹni tí ó bá sin ajá, tí kì í ṣe ajá ọdẹ, tàbí ajá tí ń ṣọ́ ẹran ọ̀sìn, tàbí ajá tí ń ṣọ́ oko, láádá rẹ̀ yóò máa dínkù lójoojúmọ́. Ó tún sọ pé màlékà kì í wọ inú ilé tí ajá bá wà. Ó sì pàṣẹ pé bí ajá bá ti ẹnu bọ ohun èlò wa, kí a fọ̀ ọ́ ní ẹ̀ẹ̀meje. Àwọn hàdíìsì wọ̀nyí fi ẹsẹ̀ múlẹ̀, kò sí mùsùlùmí tí yóò fi ọwọ́ rọ́ wọn sẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n àwọn aṣíwájú wa nínú ìmọ̀ kò túmọ̀ wọn bákan náà. Imām Shāfi'ī àti Imām Ahmad gbà pé ara ajá láti òkè délẹ̀ jẹ́ ẹ̀gbin, nítorí náà ibi tí ó bá fi ara tutù kàn gbọ́dọ̀ di fífọ̀. Imām Abū Hanīfah gbà pé itọ́ rẹ̀ ni ẹ̀gbin, kì í ṣe ara rẹ̀. Imām Mālik, ẹni tí àwa ń tẹ̀ lé ọ̀nà rẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, gbà pé ohunkóhun tí ó bá wà láàyè mọ́, ajá náà wà lára rẹ̀. Fífọ ohun èlò ní ẹ̀ẹ̀meje jẹ́ ìjọsìn tí a ń ṣe nítorí pé a pa á láṣẹ. Abdullāh ọmọ Umar sì sọ pé ní ayé Ànọ́bì wa, àwọn ajá a máa kọjá nínú mọ́sálásí, wọn kì í torí bẹ́ẹ̀ bu omi wọ́n ilẹ̀.

Nítorí náà, bí ajá bá fi ara kan aṣọ rẹ ní ọ̀nà mọ́sálásí, má ṣe bú u, má sì padà sílé kí ìrun má bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Ní ọ̀nà Mālik, àlùwàlá rẹ kò bàjẹ́. Kódà lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n pe ajá ní ẹ̀gbin, ibi tí ó kàn ni a ó fọ̀. Fífi ara kan ajá kì í ba àlùwàlá jẹ́.

ÀWỌN TÍ AJÁ ṢE PÀTÀKÌ FÚN

Gbogbo àwa tí a ka Risālah ni a mọ Ibn Abī Zayd ará Qayrawān, ẹni tí ó kú ní ọdún 386 lẹ́yìn Hijira. Àwọn tí wọ́n ṣàlàyé ìwé rẹ̀ sọ pé ògiri ilé rẹ̀ wó nígbà kan, ó sì ń bẹ̀rù àwọn ọ̀tá, ni ó bá so ajá mọ́lẹ̀ kí ó máa ṣọ́ ilé. Wọ́n bi í pé ṣé kò mọ̀ pé Mālik kò fẹ́ kí a sin ajá nínú ilé ni. Èsì rẹ̀ ni pé bí Mālik bá bá irú ìgbà tí òun wà yìí, kìnnìún ni ì bá so mọ́ ẹnu ọ̀nà. Ẹ rí i pé kò tako Mālik. Ó wo ìdí tí Mālik fi sọ ohun tí ó sọ, ó sì wo bí ayé ṣe rí. Ní àkókò yìí tí àgbẹ̀ ń bẹ̀rù àtilọ sóko, tí olè ń fo ògiri, àlàyé rẹ̀ wúlò fún wa. Ẹni tí ó bá sin ajá láti ṣọ́ ilé, kí ó fi sí ìta, lẹ́nu ọ̀nà, kí ilé àti ibi ìkírun wà ní mímọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ àwọn afọ́jú. Ní ọdún 1916, nígbà ogun àgbáyé àkọ́kọ́, wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní ìlú Oldenburg ní Jámánì láti kọ́ ajá tí yóò máa mú àwọn ọmọ ogun tí ojú wọn fọ́ rìn. Láti ibẹ̀ ni iṣẹ́ náà ti tàn ká ayé. Ní ọdún 2008, ní ìlú Leicester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀dọ́mọkùnrin mùsùlùmí afọ́jú kan fẹ́ máa lọ kírun ní mọ́sálásí, ajá ni ó sì ń mú un rìn. Àwọn aláàfáà ibẹ̀ jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n ní ìnira rẹ̀ jẹ́ ìdí tí ó tó. Wọ́n ṣe àyè fún ajá náà ní ẹnu ọ̀nà, ibẹ̀ ni ó ń dúró sí títí olówó rẹ̀ yóò fi kírun tán. Ẹ tún rí ẹnu ọ̀nà náà.

Àwọn Lárúbáwá ìgbà àtijọ́ pẹ̀lú mọ iyì ajá. Al-Jāhiz, ará ìlú Basra tí ó kú ní ọdún 255 lẹ́yìn Hijira, kọ ìwé ńlá lórí àwọn ẹranko, ó sì jẹ́ kí alájá àti alákùkọ jiyàn gígùn níbẹ̀ nípa èyí tí ó dára jù. Lẹ́yìn rẹ̀, Ibn al-Marzubān kọ odidi ìwé kan láti fi hàn pé ajá sàn ju ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ń wọ aṣọ lọ. Kì í ṣe pé ó ń gbé ajá ga ju ènìyàn lọ. Àwọn ọ̀rẹ́ tí ń da ọ̀rẹ́ wọn ni ó ń bá wí.

Ẹ̀TỌ́ AJÁ LÓRÍ WA

Ànọ́bì wa (SAW) sọ ìtàn ọkùnrin kan tí òùngbẹ gbẹ lójú ọ̀nà. Ó rí kànga, ó sọ̀kalẹ̀, ó mu omi. Nígbà tí ó jáde, ó bá ajá kan tí ó yọ ahọ́n síta, tí ó ń lá ilẹ̀ tútù nítorí òùngbẹ. Ọkùnrin náà ronú pé ohun tí ó ṣe òun ni ó ń ṣe ajá yìí. Ó padà sínú kànga, ó bu omi sínú bàtà aláwọ rẹ̀, ó fi ẹnu gbé e bí ó ti ń gùn bọ̀, ó sì fún ajá náà mu. Ọlọ́hun gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì forí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ jì í. Àwọn sàhábà bèèrè bóyá láádá wà lórí ẹranko, ó sì fi yé wọn pé láádá wà lórí gbogbo ohun tí ó ní ẹ̀mí. Nínú hàdíìsì mìíràn, obìnrin alágbèrè kan nínú àwọn ọmọ Isrāīl ni ó ṣe irú rẹ̀, tí a sì torí ajá forí jì í. Òmíràn ni ti obìnrin tí ó so ológbò mọ́lẹ̀ títí ó fi kú, tí ó torí rẹ̀ wọ iná. Ẹ gbé ìtàn wọ̀nyí sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ẹnì kan fi omi inú bàtà ra àforíjì. Kí ni ẹni tí ń fi òkò lé ajá kiri ń rà?

Al-Wāqidī gbà á wá pẹ̀lú pé ní ọdún kẹjọ Hijira, nígbà tí àwọn ọmọ ogun mùsùlùmí ń lọ sí Mẹ́kà, Ànọ́bì wa rí abo ajá kan lójú ọ̀nà tí ó ń fún àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́mú. Ó ní kí sàhábà kan dúró tì í, kí ẹnikẹ́ni nínú ọmọ ogun náà má bàa da òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ láàmú.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá sin ajá, ẹ̀tọ́ ajá náà ni oúnjẹ, omi, ìbòòji àti ìtọ́jú. Má so ó mọ́ oòrùn láti àárọ̀ dalẹ́. Má fi ebi pa á kí ó baà lè burú. Má jẹ́ kí ó máa dá kiri ìgboro. Ajá tí a kò bá sì sìn, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni kí a fi í sílẹ̀ ní àlàáfíà.

ÀRÙN DÌGBÒLUGI

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi ń lọ nìyí, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin òbí ka apá yìí fún àwọn ọmọ yín sókè. Àrùn dìgbòlugi ń bẹ nínú itọ́ ajá tí ó bá ti kó o, ó sì ń ti ojú egbò wọ ara ènìyàn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé nǹkan bí 59,000 ènìyàn ni ó ń pa lọ́dọọdún, pàápàá ní ilẹ̀ Áfíríkà àti Éṣíà. Nínú mẹ́wàá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́rin tí ó jẹ́ ọmọdé tí kò tíì pé ọdún 15. Ajá ni ó sì fi ran èyí tí ó pọ̀ jùlọ nínú wọn.

Bí àrùn yìí ṣe ń tan ènìyàn jẹ nìyí: egbò náà lè jiná. Oṣù méjì tàbí mẹ́ta lè kọjá, ó lè tó ọdún kan nígbà mìíràn, kí àmì rẹ̀ tó hàn. Ara ọmọ á gbóná, kò ní lè gbé omi mì, ẹ̀rù omi á máa bà á. Bí ó bá ti rí báyìí, oògùn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí mọ́. Ṣùgbọ́n kí ó tó rí bẹ́ẹ̀, oògùn wà. Láti ọdún 1885 tí Louis Pasteur ti gún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan tí ajá gé jẹ ní abẹ́rẹ́ ní ilẹ̀ Faransé, tí ọmọ náà sì yè, ni a ti mọ̀ pé a lè dá a dúró.

Bí ajá bá gé ọmọ jẹ, tàbí tí ó ha á ní èékánná tí ẹ̀jẹ̀ yọ, tàbí tí ó lá ojú egbò rẹ̀, ohun tí a ó ṣe nìyí:

1. Kí a fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15. Kí a má fi ata, epo, tàbí àgúnmu kankan sí i.

2. Kí a gbé ọmọ náà lọ sí ọsibítù ní ọjọ́ náà gan-an fún abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ẹ̀ẹ̀kan kò tó. Kí ó gba gbogbo rẹ̀ pé ní ọjọ́ tí dókítà bá dá.

3. Bí ajá náà bá ní olówó, kí a so ó mọ́lẹ̀ kí a máa ṣọ́ ọ fún ọjọ́ 10, kí a sì sọ fún dókítà ẹranko. Ṣùgbọ́n kí a má torí èyí dúró kí a tó gbé ọmọ lọ sí ọsibítù.

4. Ẹni tí ń sin ajá, kí ó máa gún un ní abẹ́rẹ́ dìgbòlugi lọ́dọọdún. Ní àdúgbò tí 70 nínú 100 ajá bá ti gba abẹ́rẹ́ yìí, àrùn náà kì í rí ọ̀nà tàn mọ́.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má sún mọ́ ajá tí ń jẹun, tàbí èyí tí ń fún ọmọ lọ́mú, tàbí èyí tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀ tí ó ń gé ohun gbogbo jẹ. Bí ẹ bá sá, yóò lé yín. Ẹ dúró jẹ́ẹ́. Bí ẹ kò bá sọ òkò lù ú, kò ní bá yín jà lọ́pọ̀ ìgbà. Bí ó bá sì gé yín jẹ, ẹ sọ fún bàbá yín, ìyá yín tàbí àáfà yín lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, ọmọ tí ó bá wá sọ fún wa pé ajá gé òun jẹ, kí a má kọ́kọ́ bú u, kí a má sì nà án. Bí a bá nà án lónìí, èyí tí yóò gé àbúrò rẹ̀ jẹ lọ́la, a kò ní gbọ́ nípa rẹ̀ títí yóò fi pẹ́ jù.

Àkójọ ọ̀rọ̀ mi ni pé ẹ̀dá Ọlọ́hun ni ajá. Ó ní iṣẹ́ tí a lè torí rẹ̀ sìn ín, ó ní ibi tí kò gbọdọ̀ wọ̀, ó ní ẹ̀tọ́ tí a kò gbọdọ̀ fi dù ú, ó sì ní ewu tí a gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún. Ẹni tí ó bá mọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ó mọ ọ̀rọ̀ ajá.

Kí Ọlọ́hun fi àánú sí wa lọ́kàn, kí ó dá ẹ̀mí àwọn ọmọ wa sí, kí ó sì jẹ́ kí a jẹ ànfààní ìmọ̀ tí a kọ́. Àmín.